Kòkòrò Inú Ìfun Tí Kò Gbóògùn: Ohun Tí Ẹni Tó Ń Lo Oògùn HIV ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Yóò Ṣe

"Àrùn kògbóògùn" ni wọ́n kọ́kọ́ sọ èyí tí HIV ń fà. Orúkọ náà bá ìgbà yẹn mu. Lónìí, ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí ẹ̀rọ kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, á gbó, á tọ́, á bímọ tí kò ní HIV, kò sì ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. HIV ti ń gbóògùn. Kògbóògùn tòótọ́ tó kù láàárín wa báyìí ni àwọn bakitéríà kan tó fi ìfun ṣe ilé, tí amoxicillin, Septrin àti cipro tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò ràn mọ́. Ìlànà yìí wà fún ẹni tó ní HIV, fún ará ilé tó ń tọ́jú rẹ̀, àti fún nọ́ọ̀sì kílíníìkì tó ń wá bí yóò ṣe ṣàlàyé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ìfun

Kò sí ẹni tí bakitéríà kò sí nínú ìfun rẹ̀. E. coli àti Klebsiella wà lára wọn, wọ́n sì ń gbé jẹ́jẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá kúrò ní ààyè wọn ni ìjà dé. Bí wọ́n bá rìn dé ojú ìtọ̀, ìtọ̀ á máa ta èèyàn bí ata. Bí wọ́n bá gòkè dé kíndìnrín tàbí tí wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀, ibà gbígbóná pẹ̀lú òtútù ni, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Àwọn kan nínú wọn ti mọ oògùn lójú. Wọ́n ń pèsè èròjà kan tí àwọn oníṣẹ́ làbù ń pè ní ESBL, tó ń ṣẹ́ oògùn ìdílé pẹnisílíìnì sí méjì kó tó ríṣẹ́ ṣe: amoxicillin, cefuroxime, cefixime, títí dé abẹ́rẹ́ ceftriaxone. Àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà lára òrùka tín-ín-rín kan nínú bakitéríà náà, ó sì lè da òrùka yìí kọ fún bakitéríà mìíràn tó wà nítòsí, kódà bí wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, bí ẹni gé kọ́kọ́rọ́ ilé fún aládùúgbò. Ibi tó wá burú sí ni pé àṣírí oògùn mẹ́ta, mẹ́rin lè wà pọ̀ lórí òrùka kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń fi cipro wo ọ̀fìnkìn fi lè máa bọ́ irú bakitéríà tí ceftriaxone kò ràn, láìmọ̀.

Ohun mẹ́ta ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ní HIV ju ẹlòmíràn lọ. Ìfun ni sójà ara pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni HIV ti kọ́kọ́ ń ba nǹkan jẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó bá wọlé. Ògiri ìfun á wá máa jò, ohun tó yẹ kó wà nínú ìfun á máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Oògùn HIV ń dín jíjò yìí kù gan-an, àmọ́ kì í sábà dí gbogbo rẹ̀ tán. Èkejì ni Septrin tí ọ̀pọ̀ ń lò lójoojúmọ́, tí bakitéríà ń tibẹ̀ kọ́ agídí. Ẹ̀kẹta ni ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀: ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, tí wọ́n ti gún ní abẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, lè gbé irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ délé.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kí bakitéríà yìí kàn wà ní ìfun kì í ṣe àìsàn, a kì í sì lo oògùn láti lé e. Ẹni tó ní òun fẹ́ fi oògùn apakòkòrò (èyí tó ń pa bakitéríà) "fọ inú" ń pa àwọn bakitéríà jẹ́jẹ́ tó ń bá alágídí du ààyè ni, ó ń ro oko sílẹ̀ fún un. Bí a kò bá da oògùn lé e, ó máa ń dín kù fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

Septrin: ẹ má jù ú nù

Àwọn kan gbọ́ pé Septrin ń kọ́ bakitéríà lágídí, wọ́n sì dá a dúró fúnra wọn. Àṣìṣe ńlá ni. Ìwọ̀n àgbàlagbà ni 960 mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìyẹn hóró 480 mg méjì tàbí hóró ńlá 960 mg kan. Ó ń dènà irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tó máa ń pa ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ń dènà toxoplasma tó ń ba ọpọlọ jẹ́, ó tún ń bá wa dín ibà ẹ̀fọn kù. Èrè rẹ̀ ju àléébù rẹ̀ lọ fíìfíì. Dókítà ló ń sọ ìgbà tó tó láti dá a dúró, lẹ́yìn tó bá ti wo iye CD4 (ìyẹn sójà ara tí HIV ń pa) àti iye kòkòrò HIV tó kù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí agídí yẹn túmọ̀ sí fún yín kò ju èyí lọ: ẹni tó ń lo Septrin lójoojúmọ́, bí ìtọ̀ bá ń ta á tàbí tí inú ń ṣu ú, kó má tún ra Septrin kún un. Bakitéríà tó yè bọ́ lábẹ́ Septrin ojoojúmọ́ ti mọ Septrin dunjú. Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó mú yín dá a dúró fúnra yín: bí ara bá sú, tí ẹnu ń bó tàbí tí awọ ń ṣí. Ẹ má lo ti ọjọ́ náà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ tààrà.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀

Omi ni ẹ ó fi jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe kápúsù. Fáírọ́ọ̀sì tàbí oúnjẹ tó ti bàjẹ́ ló ń fa ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru, oògùn apakòkòrò kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Àṣà wa ni pé kí ẹni tí inú ń ṣu ra Flagyl méjì àti tetracycline méjì, kó gbé e mì, kí ìgbẹ́ dúró lọ́la, kó wá gbà pé oògùn ló ṣe é. Lọ́la náà ni ìgbẹ́ ì bá dúró bí kò tilẹ̀ lo nǹkan kan. Hóró méjì-méjì yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ tí bakitéríà ń lọ.

Ẹ ra ORS, kí ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye omi tó ń fẹ́. Bó bá ní lítà 1, ọ̀rá píọ̀wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50 cl sí lára ni. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú omi náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pín in sí méjì lójú lásán kò mọ ibi tí iyọ̀ pọ̀ sí. Bí kò bá sí ORS, omi mímọ́ lítà 1, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó mu ún: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Kọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ máa fi ṣíbí mu ún díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ẹ máa jẹun, ẹ̀kọ mímu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára, ẹ má sì dá oògùn HIV dúró nítorí pé inú ń ṣu. Loperamide tó ń dá ìgbẹ́ dúró kò dára fún ẹni tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ibà ń ṣe.

Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ara bá gbóná kọjá 38 °C, bí ojú bá jìn wọnú tí ìtọ̀ sì ṣọ̀wọ́n, bí èébì kò bá jẹ́ kí oògùn HIV dúró nínú, tàbí bí CD4 yín bá wà lábẹ́ 200. Ìgbẹ́ tó bá ti kọjá ọjọ́ 14, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cryptosporidium, kì í hàn nínú àyẹ̀wò ìgbẹ́ lásán, àfi kí wọ́n kun gíláàsì náà ní àwọ̀ pàtàkì. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àyẹ̀wò. Oògùn bakitéríà kì í wò ó. Sójà ara tó bá padà bọ̀ sípò ló ń lé e.

Gbígba ìgbẹ́ fún àyẹ̀wò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó dé làbù. Ẹ gbà á kí ẹ tó lo oògùn apakòkòrò kankan; hóró kan ṣoṣo lè mú kí àwo làbù ṣófo, kí wọ́n ní kò sí nǹkan, nígbà tí nǹkan wà.

Làbù ni kí ẹ ti gba ike onídèérí, irú èyí tí ṣíbí kékeré wà lára ìdérí rẹ̀. Ike àtíkè tí a fọ̀ kò dára, ìgò oògùn tí a ṣan náà kò dára: ìyókù ọṣẹ tàbí oògùn inú rẹ̀ á pa bakitéríà. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kí ìtọ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ tẹ́ ọ̀rá mímọ́ sórí póò tàbí ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ìgbẹ́ bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ má bù ú nínú omi ṣáláńgá, ẹ má sì bù ú nínú omi tí ẹ ti da Izal sí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun bá wà ni kí ẹ fi ṣíbí mú. Ìwọ̀n èkùrọ́ ńlá kan tó. Bó bá ṣàn bí omi, ṣíbí tíì méjì. Ẹ má kún ike náà, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè ṣí ìdérí lójú ọ̀nà, ẹ̀yin àti oníkẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ṣẹlẹ̀ sí.

Kó dé làbù láàárín wákàtí 2. Bó bá pẹ́, àwọn kòkòrò bíi Shigella á ti kú, E. coli á sì ti bo gbogbo ibẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù tàbí Ìlíṣàn kò gbọdọ̀ gbára lé ọ̀nà. Kó lọ ṣu níbẹ̀, tàbí kó ní kí làbù fún òun ní ike olómi kan tí wọ́n ń pè ní Cary-Blair, tó ń tọ́jú rẹ̀ títí á fi débẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ rí i pé wọ́n kọ Septrin sí i, àti gbogbo oògùn apakòkòrò tí ẹ ti lò láti oṣù 3 sẹ́yìn, àti bóyá ẹ ti dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù.

Tó bá jẹ́ ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́, ẹ fi omi fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀, ti àárín ni kí ẹ gbà. Òun náà kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ, àfi tó bá wà nínú fíríìjì.

Kíka èsì

Ọjọ́ 2 sí 3 ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín pé ó jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ní làbù, wọ́n á fi òwú pa bakitéríà náà káàkiri ojú àwo pẹlẹbẹ kan, wọ́n á sì to àwọn ìwé róbótó sórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 6 mm, kò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Oògùn kan ló wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó gbóná bí ara èèyàn mọ́jú. Láàárọ̀, bakitéríà á ti bo àwo náà funfun bí ìkùukùu. Níbi tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́, ẹ ó rí òrùka mímọ́ gaara yí ìwé náà ká. Níbi tí kò bá ti ràn, bakitéríà á hù débi pé ó kan ìwé náà, bíi koríko tó hù dé ẹsẹ̀ ògiri. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn òrùka yìí. Òdiwọ̀n oògùn kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí náà, oògùn tí òrùka rẹ̀ tóbi jù kọ́ ló dára jù.

Lórí ìwé èsì, S túmọ̀ sí pé ó gbóògùn náà. R, kò gbọ́. I wà láàárín, dókítà lè fi kún ìwọ̀n oògùn kó tó ràn. Bí ẹ bá rí R níwájú ceftriaxone, cefotaxime tàbí ceftazidime, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ oní-ESBL, kò sì sí èrè nínú kí wọ́n tún fún yín ní amoxicillin tàbí cefuroxime. Fún ìtọ̀ tó ń ta, tí kò tíì dé kíndìnrín, nitrofurantoin ṣì máa ń ran ọ̀pọ̀ E. coli bẹ́ẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ fún kíndìnrín tàbí fún ẹ̀jẹ̀.

Pàkúté kan wà tó ń mú ọ̀pọ̀: èsì ìgbẹ́ àgbàlagbà á jáde pé "E. coli" wà níbẹ̀, wọ́n á sì kọ cipro. Ibo ni E. coli ì bá wà bí kì í bá ṣe nínú ìgbẹ́? Salmonella àti Shigella ni làbù ń wá níbẹ̀. E. coli nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀jẹ̀ ni ẹjọ́.

Bí wọ́n bá kọ oògùn

Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pín oògùn apakòkòrò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a lè kọ́kọ́ lò, èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lò, àti èyí tí a fi pamọ́ de ọjọ́ tí gbogbo ìyókù bá kùnà. Cipro àti ceftriaxone wà nínú àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ lò; lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà á kà wọ́n fún yín bí ẹni ka ẹ̀pà. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n tú sínú ọ̀rá. Èyí tó wà nínú páálí rẹ̀ ni kí ẹ rà, kí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Bó bá ní ibi fàdákà tí à ń họ, ẹ họ ọ́, kí ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353, èsì á padà wá bóyá ojúlówó ni.

Cipro kì í bá mílíìkì, oògùn inú-rírun (antacid), àyọ́ọ̀nù (iron) àti káṣíọ́ọ̀mù (calcium) rẹ́. Wọ́n á dì mọ́ ọn nínú ìfun, kò sì ní wọ ara. Ẹ lo cipro ní wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Dolutegravir, tó wà nínú hóró HIV tí ọ̀pọ̀ ń lò báyìí, ní irú ọ̀tá yìí pẹ̀lú: wákàtí 2 ṣáájú oògùn inú-rírun tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Àyọ́ọ̀nù tàbí káṣíọ́ọ̀mù lè bá a lọ pọ̀ bí ẹ bá jẹun sí i. Flagyl kò fẹ́ ọtí, paraga náà wà níbẹ̀, títí di ọjọ́ 3 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn. Iye ọjọ́ tí dókítà kọ ni kí ẹ lò ó. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi pamọ́ de ọmọ àbúrò.

Omi, adìyẹ, ìkọ́kọrẹ́

HIV kì í gba abọ́, ṣíbí tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá. Bakitéríà ìfun ló ń gba ọwọ́ àti oúnjẹ kọjá, ẹni tí kò ní HIV náà sì lè gbé e kiri. Nítorí náà, ẹ má ya abọ́ ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí gbogbo ilé lò, fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, lẹ́yìn ìdí ọmọ, kí a tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Nínú àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kànga àti ṣáláńgá máa ń wà lójú ara wọn. Ó kéré tán, ó yẹ kí 30 mítà wà láàárín wọn. Bí kò bá sí, kò sí bí omi ṣe lè mọ́ lójú tó, ẹ sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 kí ẹ tó mu ún. Èyí kan omi tí ẹ fi ń rẹ gàrí. Ọ̀pọ̀ gbà pé kíkan gàrí Ìjẹ̀bú á pa ohun tó wà nínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Áísì àti zóbo ẹ̀bá ọ̀nà, omi kan náà ni.

Ẹ má fi omi fọ adìyẹ tútù nínú síǹkì, ó ń ta káàkiri ilé ìdáná. Kó ní pátákó tirẹ̀, kí ẹ sì sè é títí omi ara rẹ̀ kò fi ní pupa mọ́. Àwọn olóko adìyẹ kan ń da tetracycline, enrofloxacin, kódà colistin, sínú omi ẹyẹ kí àìsàn tó dé. Colistin wà lára àwọn oògùn tí dókítà fi pamọ́ de ọjọ́ ìkẹyìn. Ní 2015 ni wọ́n kéde ní Ṣáínà pé àṣírí àìgbọ́ rẹ̀ ti wà lórí òrùka tí bakitéríà ń fún ara wọn. Ẹni tó ń sin adìyẹ, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má ta ẹyin títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn yóò fi pé, kó má sì kó ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ẹ̀fọ́.

Ìkọ́kọrẹ́ ẹja tó ti wà níta ju wákàtí 2 lọ ti di oko bakitéríà. Fíríìjì ni ibi tirẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ jẹ lọ́la, ẹ gbé e kaná títí á fi máa hó láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, kì í ṣe kí etí rẹ̀ kàn gbóná.

Ibà tí kò ní ìgbẹ́

Salmonella kan wà tí kì í ṣe ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Lára ẹni tí CD4 rẹ̀ kéré, ó lè fò kọjá ìfun, kó wọ ẹ̀jẹ̀ láìsí ìgbẹ́ gbuuru rárá, ó sì máa ń padà wá. Ibà lásán àti àárẹ̀ ló máa ń fi hàn, wọ́n á sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Widal, wọ́n á ní tífọ́ọ̀dù (ibà jẹ̀funjẹ̀fun) ni. Widal ẹ̀ẹ̀kan kò fi nǹkan kan múlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá náà lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ gbin kòkòrò náà ni àyẹ̀wò tòótọ́.

Bí òtútù bá ń gbọ̀n yín, tí ẹ̀yìn ń dun yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìhà, tí ẹ ń mí gúlegúle tàbí tí ọ̀rọ̀ ń dàrú lẹ́nu, ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ mú káàdì kílíníìkì, oògùn HIV, àti fọ́tò èsì làbù tó ní R lára, èyí tó yẹ kó ti wà nínú fóònù yín láti ọjọ́ tó jáde. Ẹ sọ HIV yín fún dókítà láìbẹ̀rù. Láti 2014 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó ka fífi HIV yà èèyàn sọ́tọ̀ léèwọ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún gbígbìn kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má sì dúró de èsì rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.